Àwọn Eṣinṣin Orí Ọ̀pọ̀lọ́

Ẹ bá mi fẹ̀yìn ti nǹkan kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà ní ìjókòó bí òun bá ń kọjá. Honorébù Àkànjí ni. Alábòójútó Ọ̀rọ̀ Àyíká ni wọ́n fi í ṣe ní káńsù kan báyìí lápá Ọ̀jọ́. Ẹ má bi mí pé káńsù wo. Èmi náà ní ilé tí mò ń gbé, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n wá fi ọ̀dà pupa sàmì sí i lára pé wọ́n máa wó o.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọ́fíìsì Honorébù, kíkan ilẹ̀kùn kò tó o. Gbénga ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Akọ̀wé ni wọ́n ní kó jẹ́, ṣùgbọ́n ìyìn pípè ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Á na ọwọ́ dí yín lọ́nà, á ké pé, "Bàbá Ewéko! Bàbá Ẹyẹ! Ẹni tó wo gọ́tà tí gọ́tà fi mọ́!" Ẹ̀yin náà gbọ́dọ̀ dáhùn pé, "Ó mọ́, ó ń dán!" Ẹni tí kò bá dáhùn, ìta ló wà nìyẹn, ì báà ti jókòó sórí àga nínú ilé. Gọ́tà tó wà níwájú ọ́fíìsì náà gan-an, ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ẹ̀fọn ti ń bímọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Honorébù ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Dubai rí. Ọ̀sẹ̀ méjì péré! Láti ọjọ́ tó ti dé ni Yorùbá ti ṣòro fún un. Kò gbé ohùn sókè mọ́, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ mọ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́nu rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbà, tí ìyá rẹ̀ ń fi ohùn gooro pè wálé wá jẹun, òun ló ń ṣe "a-wo-n e-niya-n mi" bí òyìnbó tó ń kọ́ èdè. Gbénga ní ohùn olówó nìyẹn. Kí ni a fẹ́ bá Gbénga sọ?

Ọ̀rọ̀ tó wá da gbogbo rẹ̀ rú, lẹ́tà kan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àjọ kan tó ń dáàbò bo àwọn ẹranko tó fẹ́ parẹ́ kọ̀wé sí káńsù. Wọ́n ní nínú àbàtà tó wà láàárín Ìbà àti Òkokomaikò, ẹ̀dá kéékèèké méjì ṣẹ́kù síbẹ̀ tí wọn ò pọ̀ mọ́. Ọ̀kan ni ìbákà, ẹyẹ yẹ́lò kékeré tó mọ orin kọ, tí àwọn apẹyẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kó tán. Èkejì ni ọ̀pọ̀lọ́ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí kì í gbé ibòmíràn àfi inú omi tó ní koríko. Wọ́n ní ẹyọ kan ni agbára àwọn ká láti dáàbò bò lọ́dún yìí. Kí káńsù gbé méjèèjì yẹ̀ wò, kí wọ́n yan ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ọ̀pọ̀lọ́ ni wọ́n yàn, a jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ da ọkọ́ yanrìn kan sínú àbàtà yẹn mọ́ láéláé. Bó bá jẹ́ ìbákà ni, káńsù lè kọ́ ilé ẹyẹ síbikíbi tó bá wù wọ́n.

Ṣé ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Honorébù ti ní àwòrán kan lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ilé ìtajà alájà mẹ́fà, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà lórí òrùlé. Orí àbàtà yẹn gan-an ló fẹ́ kọ́ ọ sí. Yanrìn típà ọgọ́rùn-ún ló máa gbà kí ilẹ̀ tó gbà á.

Ibi tí àbàtà náà parí sí ni ilé Bàbá Ṣọlágbadé bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ fọkàn bá lọ nìyẹn. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ti lé lẹ́ni ọdún márùn-dín-láàádọ́rin, ó ń ṣe ìjọ aláṣọ funfun, bọ́ọ̀dù ló sì ń kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ní Ìyànà Ìbà. Bàbá Áátíìsì ni gbogbo ayé ń pè é. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe bàbá yìí: kò lè rí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò ní àmì ohùn kí ó má fi sí i. Ó ti rí ọkùnrin kan rí tó ń ta mọ́tò ní Ìyànà Ìbà, tó kọ "A N TA OKO TOKUNBO" gàdàgbà. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé, obìnrin mẹ́ta ti wọlé wá béèrè pé àwọn ọkọ náà dà, ṣé wọ́n ga. Bàbá Ṣọlágbadé ló lọ fi àmì sí i fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìyàwó rẹ̀, Sìkírátù, ló ní ẹ̀rọ ìlọta tó wà níwájú ilé. Ní èṣín, ẹnì kan tí a ò mọ̀ (èmi mọ̀ ọ́n) ní kí wọ́n da yanrìn típà mẹ́wàá sí etí àbàtà, ó ní òun kàn fẹ́ dán an wò. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, omi ò rí ibi lọ, ilé Ṣọlágbadé ló wọ̀. Ó mu wọ́n dé orúnkún. Ẹ̀rọ Sìkírátù mu omi yó, ó sì dákẹ́ fún oṣù mẹ́rin gbáko.

"Bàbá Báyọ̀," ni Sìkírátù sọ fún ọkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ nípa lẹ́tà náà, "típà mẹ́wàá ló ṣe wá báyẹn. Bí wọ́n bá da ọgọ́rùn-ún, ẹja la máa dà. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni kí wọ́n yàn."

Ìdí nìyí tí Bàbá Ṣọlágbadé fi wà ní gbọ̀ngàn káńsù lọ́jọ́ tí Honorébù gbé ẹyẹ àti ọ̀pọ̀lọ́ sórí òṣùwọ̀n. Honorébù dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó wúkọ́. Gbénga ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ikọ́ náà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni Honorébù wí, "mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí níwájú, mo ti wò ó lẹ́yìn. Kí ni ìbákà? Ẹ̀dá tó gbajúmọ̀ ni. Ó wọ yẹ́lò. Òkè ló ń gbé, níbi tí àwa ènìyàn ńlá ń gbé. Bó bá jí láàárọ̀, orin ló ń fi kí ìjọba. Ó wá ku ọ̀pọ̀lọ́. Hùn! Ẹ̀dá tó lóṣòó sínú ẹrẹ̀, tó la ojú sílẹ̀ rogodo bí ẹni tí wọ́n jí nǹkan rẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ohun tó ń sọ. Tàárọ̀ tọ̀sán, kí ló ń sọ?"

"Kọ̀, kọ̀, kọ̀!" ni Gbénga dáhùn.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó ní òun kọ̀! Kí ló kọ̀? Ìjọba ló kọ̀! Ìdàgbàsókè ló kọ̀! Alátakò paraku ni ọ̀pọ̀lọ́! Láti òní lọ, mo pàṣẹ pé ọ̀pọ̀lọ́ kankan kò gbọdọ̀ sọ pé òun kọ̀ láàárín agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó wá gba fọ́ọ̀mù, kó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta."

Àwàdà kọ́ o. Fọ́ọ̀mù náà wà. Wọ́n béèrè ibi tí ọ̀pọ̀lọ́ náà ń gbé, iye ìgbà tó kọ̀, àti bóyá ó kọ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín ni tàbí tìbínú-tìbínú.

Bàbá Ṣọlágbadé na ọwọ́ sókè, ó dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbákà yẹn náà, inú koríko àbàtà yẹn ló ń kọ́ ìtẹ́ sí. Omi kan náà ló ń gbé àwọn méjèèjì ró. Bí yanrìn bá bo ọ̀pọ̀lọ́, ó ti bo ẹyẹ náà nìyẹn. Àwa tí a wà létí omi ńkọ́? Ilé wa ló máa..."

"Bàbá," ni Honorébù wí, "ṣé o dáhùn ìyìn lẹ́nu ọ̀nà?" Ẹ gbọ́ bó ṣe ń "o" àgbàlagbà.

"Mi ò dáhùn, sà."

"O ò tíì wọlé nìyẹn. Ìta lo wà. A kì í gbọ́ ohùn ẹni tó wà níta."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bàbá Ṣọlágbadé wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó jókòó sínú ilé tí kò tíì wọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé ọkàn.

Ní ọjọ́ kejì, àfi bí Gbénga ṣe dé ìsọ̀ Bàbá Ṣọlágbadé ní Ìyànà Ìbà. Honorébù fẹ́ bọ́ọ̀dù ńlá kan tí wọ́n máa ṣí lójú àwọn àlejò ní Ọjọ́bọ̀. Pátákó onírin ló fẹ́, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, torí pé èyí tó fi ọ̀rá ṣe nígbà ìbò, ẹnì kan ti lọ fi ojú rẹ̀ bo òrùlé ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ṣọlágbadé ò fẹ́ gba iṣẹ́ náà. Sìkírátù ló ní kó gbà á.

"Bó bá wá wo iṣẹ́," ló wí, "ẹ̀ẹ́ rójú rẹ̀ bá sọ̀rọ̀. Kò sẹ́nu ọ̀nà ní ìsọ̀ yín."

Honorébù wá wo iṣẹ́ lóòótọ́. Ṣọlágbadé ti fi ẹfun ṣe é lẹ́sẹẹsẹ, ó rẹwà, àmì kọ̀ọ̀kan wà ní ipò rẹ̀: ÌBÁKÀ NI HON. ÀKÀNJÍ YÀN. KÒ FẸ́ Ọ̀PỌ̀LỌ́.

Honorébù fajú ro. "Kí ni àwọn nǹkan tín-ín-tìn-tín tó bà lé e lórí yìí?"

"Àmì ohùn ni, sà."

"Eṣinṣin ni mo rí. Ta ló jẹ́ kí eṣinṣin bà lé orúkọ mi?"

Kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀ tán, Gbénga ti mú fáìlì, ó ń fẹ́ bọ́ọ̀dù náà, "ṣíọ̀, ṣíọ̀," ó ń lé eṣinṣin. Àmì tí wọ́n fi ẹfun fà kò kúkú fò.

"Pa wọ́n," ni Honorébù wí. "Ti òkè, pa á. Ti abẹ́ náà, pa á. Gbogbo bọ́ọ̀dù tí mo rí ní Dubai, kò sí eṣinṣin kan lórí wọn."

"Sà, ẹ jọ̀ọ́," ni Ṣọlágbadé wí. "Bí a bá yọ ọ́, ọ̀rọ̀ náà máa yí padà. Ọ̀pọ̀lọ́ yìí máa di nǹkan míì."

"Nǹkan míì bíi kí ni?"

Bàbá wolẹ̀. Ojú ń tì í fún ọkùnrin náà. "Ohun tó wà nínú agbárí èèyàn, sà."

"Kí lo mọ̀ nípa ohun tó wà nínú agbárí mi?"

"Mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, sà," ni Bàbá Ṣọlágbadé wí, tọkàntọkàn. "Ó ṣe tán, ẹ jẹ́ ká kúkú kọ àkèré. Kò lè di nǹkan míì."

"Ọ̀pọ̀lọ́ ló wà nínú fáìlì! Ìjọba kì í pààrọ̀ ẹranko." Honorébù rìn sẹ́yìn, ó dijú kan, ó wò ó. "Orúkọ mi sì kéré jù. Mo fẹ́ kí ẹni tó wà lórí afárá máa kà á."

"Bó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀, sà, YÀN ò ní ráyè."

"Fi YÀN sí igun ìsàlẹ̀, kó kéré. Ta ló ń wá YÀN? Àkànjí ni wọ́n ń wá!"

"Àti omi ilé wa, sà, mo fẹ́ bẹ̀ yín..."

Honorébù ti wọ mọ́tò. Àgbàlagbà tó ti fi ogójì ọdún kọ bọ́ọ̀dù, ó mọ ohun tó kù fún un láti ṣe. Ó ní kí Gbénga kọ àṣẹ náà sí ìwé. Gbénga kọ ọ́: "Mo pàṣẹ kí a pa gbogbo eṣinṣin orí bọ́ọ̀dù mi, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, kí orúkọ mi tóbi, kí YAN kéré." Ó gbé e wọ ojú fèrèsé mọ́tò. Honorébù fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ó fẹ́ràn bí orúkọ òun ṣe máa ń rí.

Ṣọlágbadé délé, ó mú ẹfun, ó kọ ọ́ sára ògiri bó ṣe máa rí. Ó fi ọwọ́ bo YAN, torí kò sẹ́ni tó máa rí i. "Ìyá Báyọ̀, bá mi kà á."

Sìkírátù ti lọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti àwọn àgbà rí. Ó kà á díẹ̀díẹ̀. "Ì-ba-ka ni Honorébù Àkànjí. Kò fẹ́... ọpọlọ?" Ó dúró. "Yéè! Kò fẹ́ ọpọlọ kẹ̀! Kí wá ni ìbaaka?"

"Ẹranko kan tí kì í ṣe ẹṣin, tí kì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ó wà nínú Bíbélì bàbá mi, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀ gan-an nìyí. Ẹranko tí kò ní òye. Bí kò sí ìjánu lẹ́nu rẹ̀, kò mọ̀nà."

Sìkírátù di ẹ̀rọ ìlọta mú kó má baà ṣubú, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣọlágbadé ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù ń bà á. "Bó bá mọ̀, á ní mo bú òun. Ojúlé wa ni yanrìn máa kọ́kọ́ dà sí."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kó pa eṣinṣin?"

Síbẹ̀ kò lè sùn lé e. Ní Ọjọ́rú, ó wọ bàtà, ó lọ sí káńsù. Gbénga dí ọ̀nà: "Ẹni tó wo gọ́tà tí gọ́tà fi mọ́!" Bàbá Ṣọlágbadé wo gọ́tà. "Ó mọ́," ló wí, "ó ń dán." Ojú ara rẹ̀ tì í. Ó wọlé, ó bá Honorébù níwájú àgò wúrà tí wọ́n fi ìbákà kan sí, ó ń bẹ ẹyẹ náà kó kọrin. Ẹyẹ náà káwọ́ gbẹ̀yìn, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbénga sáré gba ẹ̀yìn kọ́tìnì lọ súfèé.

"Ẹ gbọ́ ohùn!" ni Honorébù wí.

"Sà, nítorí bọ́ọ̀dù yẹn ni mo ṣe wá. Ẹ fún mi láyè kí n fi àmì mẹ́rin péré..."

"Bàbá, dákẹ́. Ẹyẹ ń kọrin."

Wọ́n tì í síta. Ó kìlọ̀, ó kìlọ̀, ó kìlọ̀. Ẹ̀mẹta ni mo kà. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé bá Honorébù, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé Ṣọlágbadé ni.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ìyànà Ìbà kún dẹ́nu. Àwọn ọlọ́jà wá láti Àlàbá, àwọn awakọ̀ wá, àwọn ará Ìbà Estate wá, àwọn ará ìjọ Ṣọlágbadé náà wá nínú aṣọ funfun. Joy, obìnrin Ìgbò tó ń ta ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Àlàbá, òun ló gbé máìkì wá. Alága káńsù wà lábẹ́ kánópì. Dókítà Abọ́lá, tó jẹ́ aṣáájú àjọ tó kọ lẹ́tà náà, jókòó tì í, obìnrin péńpé kan tó wọ bàtà òjò, torí pé inú àbàtà ló ti ń bọ̀ láti òwúrọ̀. Honorébù wá wọ agbádá yẹ́lò gbirigbiri. Nínú gbogbo ìbákà tó kù láyé, òun ló tóbi jù.

Ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó lé díẹ̀. Ẹ ò pàdánù nǹkan kan. Níkẹyìn, ó fa aṣọ kúrò lára bọ́ọ̀dù.

Gbogbo orí yí sí i. Irin tó gbé kánópì ró ti bo igun tí YAN wà. Agbèrò kan tó dúró sórí gọ́tà, tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa, ló kọ́kọ́ gbìyànjú: "Ì-baa-ka... ni... Honorébù... Àkànjí. Kò... fẹ́... ọpọlọ." Ó wo àwọn ènìyàn. "Ẹ̀n? Kò fẹ́ kí ni?"

Ìyá ìjọ kan káwọ́ lérí: "Olúwa o! Ìbaaka inú Bíbélì!"

"Wetin dem write?" ni Joy béèrè.

"Dem say Oga na horse wey no complete," ni agbèrò náà wí, "and e no want brain."

Ẹ̀rín bú. Àwọn ará Àlàbá rẹ́rìn-ín títí tí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kí ni Honorébù rò? Ó rò pé inú wọn ń dùn ni! Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń juwọ́.

Dókítà Abọ́lá dìde. "Honorébù, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Èmi ni!" Joy ti yí ohùn máìkì sókè pátápátá. "Gbogbo rẹ̀ pátá, láti inú agbárí mi ló ti wá! Ẹnikẹ́ni ò ràn mí lọ́wọ́!"

"Ẹ bá wa kà á, kí gbogbo ìlú gbọ́."

Àwọn àgbà ní ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ. Honorébù kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó fi ohùn Dubai rẹ̀ kà á, kò gbé e sókè, kò rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ dé Òkokomaikò: "Ìbaaka ni Honorébù Àkànjí. Kò fẹ́ ọpọlọ."

Ó gbọ́ ọ. Ohùn ara rẹ̀ ló padà wá bá a láti inú ẹ̀rọ Joy, ó sì gbọ́ ọ. Agbádá yẹ́lò náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Alága ti fi fìlà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń jó.

"Bàbá yìí ni!" Honorébù na ìka sí Ṣọlágbadé. "Ọ̀tá ni! Wọ́n rán an sí mi ni! Ẹ mú un! Ẹ lọ da yanrìn sí ilé rẹ̀ lónìí!"

Ṣọlágbadé sún sẹ́yìn. Ó wo Sìkírátù láàárín èrò. Sìkírátù fọwọ́ kan àpò ara rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé, ìwé àṣẹ yẹn dà? Bàbá ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú ìwé jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí Dókítà Abọ́lá. Dókítà kà á sínú máìkì: "Mo pàṣẹ kí a pa gbogbo eṣinṣin orí bọ́ọ̀dù mi..." Nígbà tó máa dé ibi tí orúkọ ti tóbi tí YAN ti kéré, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ mọ́ nítorí ẹ̀rín. Gbénga ti kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ó ti lọ dúró lẹ́yìn Alága, ó ń bá a mú fìlà.

"Ó dáa," ni Dókítà wí, "òfin àjọ wa gbà kí ìlú fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ̀yin ará, èwo lẹ fẹ́? Ṣé ìbákà ni, àbí..."

Wọn ò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Ọpọlọ!" ni agbèrò náà ké. Gbogbo Ìyànà Ìbà gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Ọpọlọ! Ọpọlọ la fẹ́! Ẹ bá wa wá ọpọlọ fún Honorébù!"

Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n Dókítà Abọ́lá ti ṣí fáìlì rẹ̀. Ṣọlágbadé tó dúró tì í rí bó ṣe mú báírò, tó kọ lẹ́tà márùn-ún síbi tí wọ́n ti ní kí ó kọ ẹ̀dá tí ìlú yàn: OPOLO. Kò fi nǹkan kan sí i lórí, kò fi nǹkan kan sí i nísàlẹ̀.

Ó dun bàbá náà, ẹ ò lè gbàgbọ́. Ìka rẹ̀ ń yún un. "Dókítà," ló sọ wẹ́rẹ́, "ẹ ò fi àmì sí i."

"Mo mọ̀, bàbá." Obìnrin náà pa fáìlì dé. "Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé ọ́fíìsì wa ní Àbújá. Ẹranko ni wọ́n ń retí níbẹ̀."

Ọ̀pọ̀lọ́ wọlé. Wọ́n ṣí àgò wúrà, ìbákà fò jáde, kò kọjú síbòmíràn ju inú koríko àbàtà kan náà. Ẹni tó bá tiẹ̀ fẹ́ da yanrìn síbẹ̀ báyìí, á kọ́kọ́ dójú kọ àjọ àti ìjọba. Típà mẹ́wàá ti èṣín náà, wọ́n ti kó o kúrò.

Ti Honorébù ńkọ́? Ní Àlàbá, kò sí fóònù tí àwòrán bọ́ọ̀dù náà ò sí nínú rẹ̀. Bó bá kọjá, àwọn ọlọ́jà á ní, "Kọ̀! Kọ̀! Kọ̀!" Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Alága gba ọ́fíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní ipò tuntun: ẹni tí yóò máa ka ọ̀pọ̀lọ́ létí àbàtà láti agogo mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní fọ́ọ̀mù tó máa lò ti wà nílẹ̀, kó kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta. Gbénga ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà kan náà, ọ̀gá tuntun ni gọ́tà ń mọ́ fún báyìí.

Òjò ńlá rọ̀ ní Sátidé kan lọ́sàn-án. Sìkírátù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí omi. Omi kọjá níwájú ilé, ó yà sínú àbàtà, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀ yàrá, ó gbẹ. "Alhamdulillah!" Ó lọ tan ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, ó sì ń sunkún ayọ̀ bó ṣe ń da ata sí i. Òjò dá, ọ̀pọ̀lọ́ bẹ̀rẹ̀, ìbákà kan dá sí i láti orí koríko.

Ìgbà yẹn ni ọkùnrin kan yọ láti apá àbàtà, ṣòkòtò rẹ̀ ká dé orúnkún, fọ́ọ̀mù tútù lábíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ṣọlágbadé. Dọ̀bálẹ̀ gidi o, inú ẹrẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́, bàbá," ni Àkànjí wí. Ohùn Dubai ti lọ. Yorùbá Ìbà ló kù, ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀. "Wọ́n ní kí n ní bọ́ọ̀dù kékeré kan létí omi, kí àwọn àlejò lè mọ̀ mí. Alábòójútó Ọ̀pọ̀lọ́ ni kí ẹ kọ."

"A dúpẹ́. Dìde." Ṣọlágbadé mú pátákó kékeré kan, ó ri búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Àkànjí wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́... ẹ má fi àmì sí i. Ẹ kàn kọ OPOLO báyẹn. Ẹni tó bá ń kọjá lè rò pé... ẹ ṣáà mọ̀. Alábòójútó Ọpọlọ."

Sìkírátù pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́ dáadáa. Bàbá Ṣọlágbadé gbé búrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù nínú gbogbo èyí tó ní.

"Rárá o, ọmọ mi," ló wí. "Ti òní yìí, gbogbo eṣinṣin ló máa bà."